Ṣé fáírọ́ọ̀sì tó ń pa jẹjẹrẹ máa pa ara tó dá ṣáṣá mọ́ ọn?

Bí ọ̀rọ̀ fífi fáírọ́ọ̀sì tọ́jú àrùn jẹjẹrẹ bá délẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ì báà jẹ́ ní ìsọ̀ aláàdìrẹ ní Ìtòkú tàbí nínú ọkọ̀ Láfẹ́nwá, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Kòkòrò mà ni! Ṣé kòkòrò mọ ẹran ara tó dáa yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣàìsàn ni?"

Lóòótọ́, kò mọ̀. Ó tiẹ̀ lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá. Àmọ́ kó wọlé yàtọ̀ sí kó ríbi bímọ sí.

Ẹ wo T-VEC, abẹ́rẹ́ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2015 fún melanoma, irú jẹjẹrẹ awọ ara kan. Fáírọ́ọ̀sì herpes tó ń fa egbò sí ètè ni wọ́n fi ṣe é, inú kókó jẹjẹrẹ gan-an ni wọ́n sì ń gún un sí. Bí sẹ́ẹ̀lì tó dá ṣáṣá bá fura pé àlejò ti wọlé, ṣe ló máa dá iṣẹ́ ṣíṣe purotéènì dúró, kí onítọ̀hún má baà rí ohun tó máa fi bímọ. Á tún tú interferon jáde, ìyẹn èròjà tó ń kìlọ̀ fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí, bí ìgbà tí ẹnì kan pariwo "olè!" láàárín ọjà tí gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká sì tilẹ̀kùn. Herpes gidi ní jíìnì kan, ICP34.5, tó fi ń borí ìdádúró yẹn. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára T-VEC.

Jẹjẹrẹ ńkọ́? Interferon yẹn kan náà ń dín bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pọ̀ sí i kù, bẹ́ẹ̀ kí ó ṣáà máa pọ̀ ni jẹjẹrẹ ń fẹ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ti ba ètò ìkìlọ̀ ọ̀hún jẹ́. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ti ń bímọ títí sẹ́ẹ̀lì á fi bẹ́. Ohun tó bá sì tú jáde lára rẹ̀ á ta àwọn ọmọ ogun ara lólobó.

Ìyẹn ò ní kó máà ní wàhálà tirẹ̀ o. Ibà, òtútù àti àárẹ̀ wọ́pọ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ náà, wọn kì í sì í fún aboyún tàbí ẹni tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Bó bá ṣe bí kò ṣe yẹ, acyclovir, oògùn herpes, ṣì ń kápá fáírọ́ọ̀sì náà.

Àwọn kan ti gbọ́ nípa ọmọ kan ní Uganda, tí àwọn dókítà ròyìn rẹ̀ lọ́dún 1971: jẹjẹrẹ Burkitt, tó sábà máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé wú, fà sẹ́yìn lára rẹ̀ lẹ́yìn tí èéyi, tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, mú un. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ eléèéyi. Ẹnì kankan ò yọ jíìnì kankan lára fáírọ́ọ̀sì èéyi tó ń jà káàkiri, bíi ti T-VEC. Ó ń pa ọmọdé.