Kí ni kẹ́tò, ṣé lóòótọ́ ló ń dín ọ̀rá ara kù?

"Mi ò jẹ òkèlè mọ́, kẹ́tò ni mò ń ṣe." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ á tún fi kún un pé kílò méjì ti kúrò lára òun láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òótọ́ ni. Àmọ́ kí ló kúrò gan-an?

Kẹ́tò jẹ́ ọ̀nà ìjẹun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé gàrí, iṣu, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ṣúgà kúrò nínú abọ́ pátápátá, tó wá fi ọ̀rá rọ́pò wọn: epo, ẹran ọlọ́ràá, ẹyin, píà. Carbohydrate, ìyẹn èròjà afúnnilágbára tí ara ń sọ di ṣúgà, ló pọ̀ jù nínú àwọn oúnjẹ tó lé lọ yẹn, àwọn tó ń ṣe kẹ́tò kì í sì í sábà jẹ́ kó kọjá gíráàmù 20 sí 50 lójúmọ́. Gàrí gbígbẹ gíráàmù 100 ní nǹkan bí 80 nínú. Ẹ̀bà kan ṣoṣo ti kọjá ààlà.

Bí carbohydrate bá wọ́n báyìí, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rá di ohun tí wọ́n ń pè ní ketone, tí ọpọlọ lè lò dípò ṣúgà. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Dókítà Russell Wilder ti Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1921, àwọn tó ní wàrápá ló sì ń wá ìtọ́jú fún, kì í ṣe àwọn tí ikùn wọn tóbi.

Ara máa ń tọ́jú ṣúgà díẹ̀ pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, glycogen lorúkọ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ, ṣùgbọ́n gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di omi tó tó gíráàmù mẹ́ta mú. Bí a bá gé òkèlè, ara á ná ṣúgà yẹn tán, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ jáde. Kílò méjì ti lọ nìyẹn, ọ̀rá ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ dín. Òkèlè ọjọ́ bíi méjì péré ló máa dá a padà. Ó máa ń dùn mí bí ènìyàn bá rí i tó padà, tó wá rò pé òun ti kùnà. Omi ni.

Wọ́n á tún ní kẹ́tò ń jó ọ̀rá. Lóòótọ́, ọ̀rá ni ara ẹni tó ń ṣe é fi ń dáná látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀rá wo? Èyí tó jẹ láàárọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé tó ń jẹ àgbàdo lójoojúmọ́, tó sì ń ra àgbàdo wálé lójoojúmọ́, àká rẹ̀ kò ní fà. Ìgbà tí ohun tí wọ́n ń jẹ bá ju ohun tí wọ́n ń rà lọ ni àká á bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Bí ọ̀rá ikùn ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kálórì la fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ: gíráàmù ọ̀rá kan ní kálórì 9, ti carbohydrate jẹ́ 4. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó nǹkan bí kálórì 120. Ẹ̀fọ́ rírò tí epo léfòó lórí rẹ̀ lè tún àká kún láìsí ẹ̀bà kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní Yunifásítì Stanford, ènìyàn 609 ni Christopher Gardner àti ẹgbẹ́ rẹ̀ pín sí méjì fún ọdún kan. Àwọn tó dín carbohydrate kù pàdánù kílò 6.0, àwọn tó dín ọ̀rá kù pàdánù 5.3, ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a lè gbára lé. 2018 ni àbájáde yẹn jáde. Ti Kevin Hall, tó jáde ní 2021, ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí ilé ìwòsàn ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ni ènìyàn 20 náà gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n ń wọn gbogbo oúnjẹ wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni oníkálukú fi jẹ oúnjẹ kẹ́tò, ó fi méjì jẹ èyí tí ọ̀rá rẹ̀ kéré, ó sì ń jẹ títí yóò fi yó. Ìwọ̀n ara wálẹ̀ lọ́nà méjèèjì, ṣùgbọ́n orí oúnjẹ tí ọ̀rá rẹ̀ kéré ni wọ́n ti rí i pé ọ̀rá ara dín kù ní tòótọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kúrú, mo gbà. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ìwọ̀n lè wálẹ̀ kí ọ̀rá má tíì lọ.

Kẹ́tò wúlò fún ẹni tó bá ń jẹ́ kó jẹun díẹ̀ láìsí pé ebi ń dà á láàmú. Ẹyin àti ẹja máa ń dáni dúró, ẹni tó bá sì fi ẹlẹ́rìndòdò àti búrẹ́dì sílẹ̀ ti gé kálórì púpọ̀. Ní tèmi, èròjà amúaradàgbà ló yẹ ká máa jà fún ju ọ̀rá àbí gàrí lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rá lọ kí iṣan ṣẹ́kù, tí kíndìnrín rẹ̀ sì dá ṣáṣá, kó máa jẹ nǹkan bíi gíráàmù 1.6 rẹ̀ lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n, kó sì máa gbé irin. Ẹni kílò 70, gíráàmù 112 nìyẹn.

Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì tàbí tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ gé òkèlè lójijì láìsọ fún dókítà rẹ̀. Oògùn tó bá ẹ̀bà mu tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ jù fún ara tí kò rí ẹ̀bà mọ́, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sì já wálẹ̀ débi tí onítọ̀hún á fi dákú.