Bí wọ́n ṣe ń bèèrè ẹ̀wọ̀n gidi fún ẹni tó ran afipábánilòpọ̀ lọ́wọ́ l'Abuja

Ohun tí lọ́yà ẹni tó wà lẹ́jọ́ máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé oníbàárà òun ò fọwọ́ kan ọmọ náà. Òótọ́ lè ni. Aunty tó lọ mú ọmọ wá láti abúlé pé kó wá máa ran òun lọ́wọ́ ní Kubwa tàbí Nyanya, tó wá ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú ọkùnrin kan torí owó, kò fọwọ́ kan nkankan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, òfin ibẹ̀ náà ò sì jìnnà sí ìyẹn.

Penal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀ràn dídá tí wọ́n ń lò l'Abuja, sọ ọ́ ní abala 83 pé ẹni tó ti ẹlòmíì sí ọ̀ràn, tó bá a gbìmọ̀ ẹ̀, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ràn án lọ́wọ́, ó ti lọ́wọ́ sí i nìyẹn. Abala 85 wá fi kún un pé tí ọ̀ràn náà bá ṣẹlẹ̀ torí ìrànlọ́wọ́ yẹn, ìyà ẹni tó ṣe é gan-an ni tiẹ̀, àfi tí òfin bá ti ya ìyà mìíì sọ́tọ̀ fún un. Ìyà ọ̀hún ò kéré o: lábẹ́ Child Rights Act 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, ẹni tó bá ọmọdé lò pọ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, "ọmọ náà gbà" ò sì lè gbà á sílẹ̀. VAPP Act 2015, òfin tó tako ìwà ipá sí èèyàn, ní tiẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n kóra jọ fipá bá èèyàn lò, ẹ̀wọ̀n ò gbọdọ̀ dín ní ọdún 20, kò sì sí pé à ń san fáìnì.

Àmọ́ iye ọdún tí adájọ́ máa dá lọ́jọ́ náà, ìyẹn ló le. Lẹ́yìn tó bá ti sọ pé ẹ̀sùn dúró, ACJA 2015, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ní kí wọ́n gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ kọ́kọ́. Ibẹ̀ lẹ máa ti gbọ́ pé ó lọ́mọ kéékèèké nílé, pé iṣẹ́ èṣù ni, pé kò ṣe irú ẹ̀ rí. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn lágbára, torí òfin yìí kan náà sọ pé kí adájọ́ má fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ̀ ní ìyà tó ga jù. Nítorí náà lọ́yà ìjọba tó kàn ń pariwo ẹ̀wọ̀n gbére ń fàkókò ṣòfò ni, èyí tó gbọ́n máa béèrè ọdún tó pọ̀, á sì sọ ìdí ẹ̀: ṣé nkan yìí ì bá ṣẹlẹ̀ rárá ká ní kò ṣílẹ̀kùn? Ta ni ọmọ yẹn ì bá sá tọ̀ lọ tó bá jẹ́ pé ẹni tó yẹ kó sá tọ̀ ló tà á? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ṣẹlẹ̀, èló ló gbà, ṣé ó nà án kó má baà sọ̀rọ̀? Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n fọkàn tán lọ́mọ sí ò yẹ kó gba ẹ̀wọ̀n kékeré rárá.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwọn nkan wọ̀nyí gbọ́dọ̀ ti wà nínú ẹ̀rí látìgbà tí ẹjọ́ ti ń lọ. Tí IPO, ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà, ò bá gba àlẹ́ẹ̀tì bánkì àti WhatsApp wọn nígbà tó yẹ, tí kò bọ́ sílé aládùúgbò tó ń gbọ́ igbe, lọ́yà ìjọba ò ní nkan tó máa dì mú. Kó sì má gbàgbé láti bèèrè pé kí wọ́n to ọdún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra, torí tí wọ́n bá dá ọdún 14 fún ìrànlọ́wọ́, ọdún 7 fún ìgbìmọ̀, tí adájọ́ wá ní kó ṣe méjèèjì pọ̀, 14 náà ló máa lò.