Ẹsẹ̀ Mọ́tò Tó Ń Kùn bí Oyin

Bíárìn ẹsẹ̀ mọ́tò, ìyẹn irin tí ẹsẹ̀ mọ́tò fi ń yí geere, kì í dédé kú. Ó máa ń kọ́kọ́ kùn. Inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ irin roboto ti ń yí lórí irin tó ń dán bíi dígí. Bí omi bá ráyè wọlé, tí gíríìsì sì bàjẹ́, ojú irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ kòtò-kòtò. Gbogbo ìgbà tí ọmọ irin bá gba orí kòtò kan kọjá, á gbá a. Àwọn gbígbá yẹn ló so pọ̀ di "hùùù" kan ṣoṣo, ìdí sì nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi ń ga bí eré bá ṣe ń pọ̀. Bí awakọ̀ bá fi jíà sí fírì, tí ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kíkùn náà ò yí padà, ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́.

Táyà tó jẹ ségesège náà ń kùn, àmọ́ ohùn tirẹ̀ máa ń yàtọ̀ bí mọ́tò bá kúrò lórí ọ̀dà bọ́ sórí kọnkéré.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í jù ni ọ̀tún àti òsì. Ẹ wo danfó tó kún fọ́fọ́. Bí dírẹ́bà bá ṣẹ́ kọ́nà sí òsì, ọ̀tún ni gbogbo èrò máa ya sí. Ẹni tó wà lójú fèrèsé lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n máa fún mọ́ irin; bí eéwo bá wà léjìká rẹ̀, ìgbà yẹn ló máa ké. Bí dírẹ́bà bá wá yí sọ́tùn-ún, wọ́n á ṣí kúrò lára rẹ̀, á mí kanlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́tò ṣe ń di ẹrù rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Bí kíkùn bá pọ̀ sí i nígbà tí a rọra yí sitẹ́árìn sí òsì lórí eré, bíárìn ọ̀tún ni ká fura sí. Síbẹ̀, àwọn kan á ní, "Òsì la yí sí tó fi ké, òsì ló bàjẹ́," wọ́n á sì tú bíárìn tó dáa dànù. Ó dunni, torí mọ́tò ti fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ká tó wá tú nǹkan kan, ká fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè, ká fi ọwọ́ kan di sípíríǹgì rẹ̀, irin wíwé tó gbé mọ́tò lé ẹsẹ̀, mú, ká fi èkejì yí táyà. Bí bíárìn bá dáa, sípíríǹgì á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á máa gbọ̀n rìrì, bí ìgbà tí yanrìn bá há sábẹ́ ọmọ ọlọ.