Ooru kọ́ìlì kọ́ ló pa ọkọ̀ yín

Pikọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ń lo kọ́ńtáàtì (irin kékeré tó ń ṣí, tó ń pa dé, láti já iná kọ́ìlì) àti kabúrẹ́tọ̀ (tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́), irú Peugeot 504, Datsun tàbí Hilux ayé ọjọ́un, á máa sáré dáadáa láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, tó ru sìmẹ́ńtì gun òkè, á kàn kú. Wọ́n á kíìkì í títí, ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní dáná. Dírẹ́bà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ kan kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná ńlá fún plọ́ọ̀gì), á sì yára fa ọwọ́ padà: "Kọ́ìlì ti gbóná, ó ti lọ nìyẹn." Wọ́n á rẹ àkísà sínú omi, wọ́n á fi dì í, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30 ọkọ̀ á dáná, gbogbo èèyàn á sì gbà pé àkísà ló wò ó sàn. Wọ́n á ra kọ́ìlì tuntun. Kò ní pẹ́, ọkọ̀ á tún kú bákan náà.

Jíjókòó yẹn ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe àkísà. Bí kọ́ìlì ṣe ń tutù ni kọndẹ́ńsà (nǹkan kékeré tí kì í jẹ́ kí iná jó kọ́ńtáàtì) náà ń tutù. Páìpù epo tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ń tutù pẹ̀lú, bẹntiróòlù tó ti di oru nínú rẹ̀ á sì padà di olómi. Nǹkan mẹ́ta ló tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan ṣoṣo la dá lẹ́bi.

Kọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ kò lè ṣe kó má gbóná. Kọ́ìlì fóòtì 12 tí wáyà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ jẹ́ ọ́ọ̀mù 3 (ọ́ọ̀mù ni ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dènà iná tó) á fa áńpù 4 nígbà tí kọ́ńtáàtì bá pa dé. Wáàtì 48 nìyẹn, ó tó ti áyọ́ọ̀nù táwọn tó ń tún rédíò ṣe fi ń jó léèdì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí, kọ́ńtáàtì ń ṣí, ó ń pa dé, ooru náà á mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá kú, tí dírẹ́bà fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí ọ́ọ̀nù, tí kọ́ńtáàtì sì dúró síbi tó ti pa dé, iná á máa gba inú kọ́ìlì láìsinmi. Nítorí náà, ooru tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn lè jẹ́ èyí tó dé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kú. Ẹ kọ́kọ́ pa kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ má jókòó o. Ibi tó kú sí gan-an, nígbà tó ṣì gbóná, ni àyẹ̀wò ti wúlò jù. Ẹ ní plọ́ọ̀gì kan tó dáa lọ́wọ́, àti gílóòbù fóòtì 12 tó ní wáyà méjì. Ẹ yọ wáyà nínípọn àárín kúrò lórí ìdérí dístríbútọ̀ (tó ń pín iná fún àwọn plọ́ọ̀gì), ẹ fi plọ́ọ̀gì náà sí ẹnu rẹ̀, ẹ fi wáyà so ara irin plọ́ọ̀gì mọ́ ẹ́ńjìnnì dáadáa, ẹ wá ní kí ẹnì kan kíìkì. Kí epo má ṣe jò nítòsí, ẹ má sì fọwọ́ dì í mú. Tí iná aláwọ̀ búlúù bá ń já pátápátá, ẹ fi kọ́ìlì sílẹ̀. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ ṣí ìdérí afẹ́fẹ́, kí ẹ máa tẹ tọ́rótù bí ẹ ti ń wo ọ̀nà ọ̀fun kabúrẹ́tọ̀: tí epo kò bá tú jáde, epo ni kò dé.

Tí iná kò bá já, ẹ so wáyà gílóòbù kan mọ́ bọ́dì, ẹ fi ìkejì kan ẹnu kọ́ìlì tó jẹ́ pọ́sítíìfù, kọ́kọ́rọ́ wà lórí ọ́ọ̀nù. Tí kò bá tàn, iná kò ti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ wá; iṣẹ́ rìwáyà nìyẹn. Tó bá tàn, ẹ gbé e sí ẹnu nẹ́gátíìfù, kí wọ́n kíìkì. Tó bá ń tàn tó ń kú, kọ́ńtáàtì ń ṣiṣẹ́, ó kù sórí kọ́ìlì, kọndẹ́ńsà àti wáyà nínípọn yẹn. Tó bá tàn láìkú, kọ́ńtáàtì ti dọ̀tí tàbí kò pa dé. Tí kò bá tàn rárá, ẹ yọ wáyà tínrín tó lọ sí dístríbútọ̀ kúrò lẹ́nu náà: tí gílóòbù bá tàn nísinsìnyí, kọ́ìlì ò mọwọ́mẹsẹ̀, kọ́ńtáàtì tí kò ṣí tàbí kọndẹ́ńsà tó ti kanlẹ̀ (tí iná ń gba inú rẹ̀ lọ sí bọ́dì) ló fà á.

Kọndẹ́ńsà ló sábà máa ń tan èèyàn jẹ. Nǹkan kékeré ni, owó rẹ̀ ò tó nǹkan, àbùkù rẹ̀ sì lè fara pamọ́ nígbà tó bá tutù. Tí ẹ bá ṣí ìdérí dístríbútọ̀ tí ẹ rí kọ́ńtáàtì tó jó dúdú tàbí tó gbẹ́ kòtò, tí iná ńlá sì ń já láàárín rẹ̀ bó ti ń ṣí, ẹ pààrọ̀ kọndẹ́ńsà ṣáájú ohunkóhun. Ẹ tún àlàfo kọ́ńtáàtì ṣe nígbà náà, 0.4 sí 0.5 mm ni ti ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ yìí.

Ooru tó ń pa kọ́ìlì lóòótọ́ wà, ọjà la sì ti máa ń rà á. Oríṣi kọ́ìlì méjì ló jọra lójú: ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí ọ́ọ̀mù 3, ó ń gba fóòtì 12 tààrà, ìkejì jẹ́ nǹkan bí 1.5, ó nílò resistor (ohun tó ń dín iná kù) níwájú rẹ̀. Tí ẹ bá so ti 1.5 láìsí resistor, nǹkan bí áńpù 8 ni yóò fà: kọ́ńtáàtì á jó, òróró inú kọ́ìlì á máa jò jáde, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́.

Ẹ má sì da omi tútù lu kọ́ìlì gbígbóná. Orí rẹ̀ lè sán, omi lè wọ dístríbútọ̀, iná á wá ọ̀nà gba ibi tó sán.

Tí ẹ bá fura sí kọ́ìlì náà, mítà tó ń wọn ọ́ọ̀mù lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ yọ àwọn wáyà rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tó gbóná: wáyà tó ti já nínú kò ní fi nọ́ńbà kankan hàn. Tí ti 3 bá wá di 3.6, ẹ má jù ú nù, bàbà gbígbóná máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú mítà kan náà dání lọ sọ́jà, kí ẹ wọn èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín lórí káńtà kí ẹ tó sanwó.