Bí iná lésà ṣe ń wọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀, àti ohun tó lè fò ó lójú

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn mọ ìbéèrè yìí dáadáa: kí ni jẹ́nótáìpù rẹ? Ṣọ́ọ̀ṣì ń béèrè, mọ́ṣáláṣí ń béèrè, ẹbí náà ń béèrè. Ìwé tí lábù máa ń kọ AA, AS tàbí AC sí, orí purotéènì kan ṣoṣo ló dá lé: hemoglobin, èyí tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ara. Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà ni kí wọ́n fi iná mànàmáná fa hemoglobin lórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n wo ibi tí oríṣi kọ̀ọ̀kan bá dúró sí. Ọ̀nà mìíràn wà tó jẹ́ pé bí purotéènì ṣe wúwo tó ni wọ́n ń wọ̀n. MALDI-TOF ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ rẹ̀, iná lésà ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló para pọ̀ di hemoglobin, alfa méjì àti beta méjì. Ẹ̀wọ̀n beta ní ámínò ásíìdì 146 tó so kọ́ra, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tí purotéènì fi ń di odidi. Ìkẹfà nínú wọn ló ń fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: glutamic acid ló wà níbẹ̀ lára A, valine lára S, lysine lára C. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, pẹ̀lú gbogbo ìrora egungun rẹ̀, orí pààrọ̀ ẹyọ kan yẹn ló dúró lé.

Wọn á fi omi po ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á fi bẹ́, wọn á pò ó mọ́ ásíìdì kan tó ń jẹ́ sinapinic, wọn á kán an sórí àwo irin. Bó bá gbẹ, á di kírísítálì. Iṣẹ́ ńlá ni ásíìdì yìí ń ṣe. Bí iná lésà bá ba purotéènì ní tààrà, ṣe ló máa fọ́ ọ yángá, kò sì ní sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa wọ̀n mọ́. Franz Hillenkamp àti Michael Karas ní Jámánì ló ṣe àwárí ní ọdún 1980 sókè pé ó yẹ kí nǹkan mìíràn gba iná náà dípò rẹ̀. Ní Japan, Koichi Tanaka ti ilé iṣẹ́ Shimadzu, ẹni tí kò ní oyè ọ̀mọ̀wé nígbà náà, po ìyẹ̀fun kóbáàtì mọ́ glycerol, ó sì fi wọn purotéènì ńlá. Òun ló wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002. Kò dára bí wọn kò ṣe ka àwọn ará Jámánì méjèèjì mọ́ ọn, nítorí ọ̀nà tiwọn ni àwọn lábù ń lò lónìí.

Wọn á ti àwo náà bọ inú ẹ̀rọ, wọn á fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kí nǹkan kan má baà dí purotéènì lọ́nà. Lésà á tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí sórí kírísítálì, fún àkókò tí kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ásíìdì á gba iná náà mọ́ra, á di oru lójijì, á gbé àwọn ẹ̀wọ̀n hemoglobin tó ti tú kúrò lára wọn fò sókè, á sì fún wọn ní proton tó jẹ́ kí iná mànàmáná lè tì wọ́n. Fóltì bíi 20,000 ló ń tì wọ́n wọ inú ọ̀pá tó lè gùn tó mítà kan. Agbára kan náà ni wọ́n fi ti gbogbo wọn, nítorí náà èyí tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ dé òpin ọ̀pá. Ẹ̀rọ á ka àkókò tí kálukú fi dé, kọ̀ǹpútà á sì fi ìyẹn ṣírò ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n beta ń sá ju kìlómítà 15 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ká ní ojú títì ló wà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin á gbé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́.

Lójú kọ̀ǹpútà, beta ti A á yọ ṣóńṣó ní 15,867 Dalton, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ohun tó kéré gan-an bí átọ́mù. Ti S á yọ ní 15,837. Ẹni tó bá jẹ́ AS á ní ṣóńṣó méjèèjì, ẹni tó jẹ́ SS kò ní ní ti A rárá.

C ló le. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 15,866, Dalton kan péré ló fi yàtọ̀ sí A, ẹ̀rọ náà kò sì ní lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Yóò ka AC sí AA. Èyí tó burú jù ni pé yóò ka SC, tí í ṣe àìsàn gan-an, sí AS tí ara rẹ̀ le. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni C ti ṣẹ̀, ó sì wà láàárín wa dáadáa, nítorí náà a kò lè fojú fo èyí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀nà àtijọ́ orí bébà ń rí C láìṣe wàhálà, torí agbára iná ara lysine yàtọ̀ pátápátá sí ti glutamic acid. Lésà náà lè rí i bí wọ́n bá kọ́kọ́ fi trypsin, èròjà kan tó ń gé purotéènì, gé ẹ̀wọ̀n náà. Ibi tí lysine àti arginine, ámínò ásíìdì mìíràn, bá wà ni trypsin ti ń gé e, C sì ti ní lysine kan lé. Nípa bẹ́ẹ̀, ègé àkọ́kọ́ á wọn 952 lára A, 922 lára S, àti 694 péré lára C. Kò sí ẹni tó máa ṣi ìyẹn kà.

Ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ orúkọ bakitéríà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbìn ín ní lábù. Wíwá àmì jẹjẹrẹ nínú ẹ̀jẹ̀ ló ṣòro. Ní 2002, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn Lancet gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi ìbátan ẹ̀rọ yìí wá jẹjẹrẹ ilé ẹyin: ó mọ gbogbo obìnrin 50 tó ní in, ó sì mọ 63 nínú 66 tí kò ní in. Inú ayé dùn. Ìgbà tí àwọn onímọ̀ ìṣirò Keith Baggerly àti Kevin Coombes tún dátà tí wọ́n gbé síta yẹ̀ wò, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ náà lè jẹ́ ti bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti bí wọ́n ṣe to ẹ̀rọ, kì í ṣe ti àìsàn. Ìwọ̀n nìkan ni ẹ̀rọ ń sọ. Ohun tó fa ìwọ̀n náà, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ wádìí rẹ̀.

Ìdí nìyí tí wákàtí tí ẹ̀jẹ̀ fi wà nínú oòrùn kó tó dé lábù fi ṣe pàtàkì, àti iná tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú lórí ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára gbọ́dọ̀ sọ fún lábù pẹ̀lú, ìbáà ṣe bébà ni wọ́n ń lò tàbí lésà. Sẹ́ẹ̀lì pupa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120, títí ìgbà náà sì ni A ti ẹni tó fún un lẹ́jẹ̀ lè máa yọ nínú èsì ẹni tó jẹ́ SS.