Àwọ̀ wáyà kò jọra nínú gbogbo ọkọ̀: bí a ṣe ń dá súìṣì ọkọ̀ àtijọ́ mọ̀

Bí ẹ bá gbé Ìjàpá (Volkswagen Beetle) àtijọ́ tàbí Land Rover tí bàbá yín fi sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, ì báà jẹ́ ní Kabba, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ máa gbọ́ kó tó ṣí bóńẹ́ẹ̀tì: "Pupa ni iná, dúdú ni ẹ́ẹ̀tì, kò sí ọkọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀." Ẹ́ẹ̀tì ni wáyà tí wọ́n so mọ́ bọ́dì, tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Bó bá wá yọ súìṣì iná jáde, tó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò fi kún un pé ó ti gbó jù, ìwé rẹ̀ kò sí mọ́ láyé. Irọ́ ni méjèèjì, àmọ́ èyí àkọ́kọ́ ló ń jó ọkọ̀.

Kì í ṣe àìmọṣẹ́ ló bí ìgbàgbọ́ yìí. Wáyà ilé tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, pupa ló ń gbé iná wọlé, dúdú ló ń gbé e padà. Okùn bátìrì ọkọ̀ tí a ń gùn lónìí náà rí bẹ́ẹ̀: pupa lórí pọ́sítíìfù, dúdú lára bọ́dì. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ọkàn ń gbà. Ṣùgbọ́n Toyota tó kún títì wa gan-an kò tẹ̀lé òfin yẹn, nítorí wáyà funfun tó ní ìlà dúdú lára ni ẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo búráùn, torí òun ló burú jù. Nínú ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń lo ohun èlò Lucas, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ohun èlò iná ọkọ̀, irú bíi Land Rover, Morris àti Austin, búráùn ni wáyà tó ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá tààrà láì gba inú fíúsì kankan kọjá. Kọ́kọ́rọ̀ ì báà wà lára ọkọ̀, ì báà wà lápò yín, iná wà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ Jámánì, ìyẹn Ìjàpá, Kọ́ḿbì àti Mercedes, búráùn ni ẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wá mú súìṣì pẹ̀lú ìdì wáyà rẹ̀ láti ara Ìjàpá, tó gbé e sínú Land Rover, tó sì so búráùn mọ́ búráùn, bátìrì ló so mọ́ bọ́dì yẹn. Níwọ̀n bí kò ti sí fíúsì lójú ọ̀nà, kò sí ohun tó máa já kó tó bàjẹ́. Wáyà náà á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́ mọ́ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láìpẹ́ odidi ìdì wáyà tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù á ti di ẹyọ kan ṣoṣo.

Dúdú náà ń kọ́? Ẹ́ẹ̀tì ni lára ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóòótọ́. Lára Ìjàpá, dúdú ni wáyà tí iná ń wọ̀ nígbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni pupa tí gbogbo ayé gbà pé ọ̀dọ̀ bátìrì ló ti ń bọ̀: òótọ́ ni lára Ìjàpá, àmọ́ lára Land Rover àtijọ́, àwọn iná kékeré iwájú àti iná ẹ̀yìn ni pupa ń lọ bá. Ti Lucas tó kù kò le: funfun ni iná tó jáde láti ara kọ́kọ́rọ̀, aláwọ̀ ewé ni iná yẹn kan náà lẹ́yìn tó ti gba inú fíúsì kọjá, elésè àlùkò ni èyí tó ní fíúsì àmọ́ tí kò dúró de kọ́kọ́rọ̀. Búlúù ni ti iná ńlá iwájú. Bó bá ní ìlà funfun, fúù ni, bó bá ní ìlà pupa, díìmù ni. Àwọn ará Jámánì fi funfun ṣe fúù, wọ́n fi yẹ́lò ṣe díìmù, wọ́n sì fi àwọ̀ eérú ṣe iná kékeré. Ní ti Píjò 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì bá ti Jámánì lọ. Ẹ má fi àwọ̀ ọkọ̀ mìíràn ka wáyà rẹ̀ rárá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rìwáyà kò bá láyé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣe ní àwọn ọdún 1950 títí dé àárín àwọn ọdún 1960, pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ bọ́dì. Morris Minor ìgbà náà wà lára wọn, Land Rover Series II náà wà níbẹ̀. Gílóòbù àti súìṣì kò mọ ìyàtọ̀, wọ́n á ṣiṣẹ́ bó ti wù kí ẹ so bátìrì. Rédíò àti ọ̀tánétọ̀ òde òní ló ń kú lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi ọkọ̀ òde òní jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí bọ́ńpà méjèèjì kan ara wọn.

Ká tiẹ̀ sọ pé ẹ mọ gbogbo èyí lórí. Ọkọ̀ tó ti ń gba ojú ọ̀nà Kabba sí Mọ̀pà, sí Ìsánlú, sí Ẹ̀gbẹ̀ láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí eruku ọyẹ́ ti wọ̀ lára tó sì ti kọjá lọ́wọ́ oríṣiríṣi rìwáyà, ṣé wáyà tí wọ́n fi kọ́ ọ ló ṣì wà níbẹ̀? Wáyà tó bá wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi so ó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi àwọ̀ sílẹ̀ ná, kí wọ́n yí ẹ̀yìn súìṣì sókè.

Ẹ fi aṣọ tó ní bẹtiróòlù díẹ̀ nu ẹ̀yìn súìṣì Ìjàpá, kí ẹ wò ó nínú oòrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wáyà ń wọ̀, nọ́ḿbà kékeré kan wà níbẹ̀. 30 ni iná bátìrì tààrà. 15 ni iná tó ti ara kọ́kọ́rọ̀ jáde. 50 ń lọ sí kíkísítátà. 31 ni ẹ́ẹ̀tì. 56 ni iná ńlá, tó máa pín sí 56a fún fúù àti 56b fún díìmù. 58 ni iná kékeré. Ìlànà tí àwọn ará Jámánì ń pè ní DIN 72552 ni, ó wà lára Ìjàpá, ó wà lára Mercedes, ẹ ṣì máa rí i lára rìléè, ìyẹn súìṣì tí iná ń darí, tí wọ́n ń tà lónìí: 85, 86, 87 àti 30. Àwọ̀ lè ṣí, rìwáyà lè pààrọ̀ wáyà, àmọ́ nọ́ḿbà yìí kì í tètè parẹ́.

Lucas náà ní tirẹ̀. Lára àpótí fíúsì rẹ̀ ẹ máa rí A1, A2, A3 àti A4. Búráùn ń wọ A1, elésè àlùkò ń jáde ní A2. Funfun ń wọ A3, aláwọ̀ ewé ń jáde ní A4. Lára súìṣì àti àwọn ohun èlò rẹ̀ mìíràn, ẹ wá nọ́ḿbà márùn-ún tó tẹ̀ léra tí wọ́n lù mọ́ irin, àti nọ́ḿbà kékeré mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi 6 67. Èyí kékeré ni oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ìyẹn oṣù kẹfà 1967. Lára àwọn tó dé lẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ àti ọdún ni.

Níbi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni fíláṣà, ìyẹn èyí tó ń mú kí iná tìráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú. Ti Lucas ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: B, L àti P. Ti Jámánì tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta sábà máa ń ní 49, 49a àti 31. B bá 49 mu, torí ibẹ̀ ni iná ń wọ̀. L bá 49a mu, torí ibẹ̀ ló ń jáde lọ sí gílóòbù. Ẹsẹ̀ kẹta ni ìjà wà: 31 fẹ́ ẹ́ẹ̀tì, P sì ń lọ sí gílóòbù kékeré inú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá so P mọ́ bọ́dì torí pé "ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́ta ni" ti pa fíláṣà tuntun.

Bí nọ́ḿbà bá ti parẹ́ pátápátá, súìṣì náà ṣì lè jẹ́wọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà. Ẹ gbé mítà sí ibi tó ti ń dún bí ọ̀nà bá ṣí. Ẹsẹ̀ mẹ́rin túmọ̀ sí pé ẹ máa dán méjì-méjì wò lọ́nà mẹ́fà: A pẹ̀lú B, A pẹ̀lú C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe é nígbà tí súìṣì wà ní pípa, ẹ tún ṣe é ní ìfà àkọ́kọ́, ẹ tún ṣe é ní ìfà kejì, kí ẹ sì kọ ohun tó dún sílẹ̀. Lára súìṣì iná Ìjàpá, ìfà àkọ́kọ́ máa so 30 mọ́ 58. 56 kì í wọlé àfi ní ìfà kejì. Lára súìṣì kọ́kọ́rọ̀, ẹsẹ̀ tó ń dún kìkì nígbà tí ẹ bá ti kọ́kọ́rọ̀ lòdì sí sípíríǹgì, tó sì dákẹ́ bí ẹ bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, òun ni ti kíkísítátà. Súìṣì tí ìpẹtà ti bo ẹnu rẹ̀ lè má dún dáadáa, ẹ fi sáńpépà tó múná díẹ̀ pa á kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ní ti ìwé, ó wà. Píjìn-hóòlù ọkọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, torí Volkswagen máa ń ya àwòrán wáyà sínú ìwé kékeré tí wọ́n ń kó fún ẹni tó ra Ìjàpá. Ilé-iṣẹ́ Haynes bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ ní 1966, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ní àwòrán wáyà lápá ẹ̀yìn. Irú rẹ̀ lè wà nínú àpótí bàbá mẹkáníìkì tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò yín. Ẹ lọ kí i, kí ẹ sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, archive.org kó ọ̀pọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ jọ lọ́fẹ̀ẹ́, thesamba.com sì to àwòrán wáyà Volkswagen ní ọdún-ọdún.

Ọdún wo ni kí ẹ wá? Ẹ má gba ọdún tí wọ́n ra ọkọ̀ gbọ́, torí Volkswagen máa ń bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ ọdún tó ń bọ̀ láti oṣù kẹjọ. Ẹ gbé ìjókòó ẹ̀yìn Ìjàpá, ẹ wo nọ́ḿbà ṣásíìsì tó wà lórí irin àárín. Fún ọkọ̀ ọdún 1965 sí 1969, nọ́ḿbà kẹta níbẹ̀ ni ọdún: 118 ní ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí ọkọ̀ ọdún 1968. Nọ́ḿbà ara súìṣì náà ń sọ̀rọ̀. Nínú 111 941 531, ọkọ̀ Ìjàpá ni 111, 9 tó bẹ̀rẹ̀ apá àárín ni ohun èlò iná. 941 ni ti iná ńlá, 953 ni ti tìráfíkétọ̀, 955 ni ti wáípà. Lẹ́tà tó bá tẹ̀lé e ń sọ pé wọ́n ti tún un ṣe.

Bí àwòrán bá dé ọwọ́ yín, ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ àwọ̀. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, N ni búráùn, B ni dúdú, U ni búlúù. Lórí ti Jámánì, br ni búráùn, sw ni dúdú, gn ni àwọ̀ ewé, gr sì ni àwọ̀ eérú.

Nígbà tí ẹ bá ti so gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má tíì de orí bátìrì. Ẹ pa gbogbo súìṣì, ẹ ti ilẹ̀kùn kí iná inú má bàa tàn, kí ẹ wá fi gílóòbù iná bíréèkì kan sáàárín orí bátìrì àti okùn rẹ̀. Bó bá dákẹ́, ẹ máa tan súìṣì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wò ó. Bó bá tàn yòò nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì wà ní pípa, iná ti kan bọ́dì níbì kan. Gílóòbù yẹn ni kò jẹ́ kí wáyà jó. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ máa tú wáyà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi kú.