Káírò Ni Yíya Fọ́tò Òṣùpá Ti Ṣẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń fi awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn kékeré ya òṣùpá ní Kubwa tàbí Lugbe ní Abuja pé ta ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, Galileo ni ọ̀pọ̀ wọn máa dárúkọ. Èmi ò gbà. Lóòótọ́ ni Galileo fi awò wo òṣùpá, ó sì rí òṣùpá mẹ́rin tó ń yí Júpítà po ní oṣù kìíní 1610, ṣùgbọ́n ọwọ́ ló fi yà wọ́n sínú ìwé. Thomas Harriot ará Ìlú Ọba pàápàá ti fọwọ́ ya òṣùpá ní 1609 kí Galileo tó ya tiẹ̀. Ó tán.

Káírò ni mo gbà pé ìtàn yìí ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni Ibn al-Haytham, onímọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ tó jẹ́ ọmọ bíbí Basra ní Iraq, gbé títí tó fi kú ní nǹkan bí 1040. Ó kọ ìwé kan lórí bí oòrùn ṣe ń rí nígbà tí òṣùpá bá bò ó. Bí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí òṣùpá ti bò lápá kan bá gba ihò tóóró kan bọ́ sórí ohun tó tẹ́jú, yóò yọ síbẹ̀ bí oṣù tuntun, yóò sì dorí kodò. Inú kámẹ́rà wa nìyẹn: òkùnkùn, ihò kan, àti ojú tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé. Ohun tó mú mi fara mọ́ tirẹ̀ jù ni pé kò dúró sórí oòrùn. Ó bèèrè ìdí tí oṣù tuntun fúnra rẹ̀, bó bá gba irú ihò kan náà kọjá, kì í fi í yọ ní ìrísí oṣù, ó sì rí i pé bí ihò náà ṣe fẹ̀ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Wàhálà ẹni tó bá ń fi ihò lásán ya òṣùpá nìyẹn: ihò tóóró kì í gba ìmọ́lẹ̀ tó, ihò tó fẹ̀ jù sì ń ba ìrísí jẹ́.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé oṣù ló gbà á lọ́kàn? Èrò tèmi ni pé ẹni tó ń gbé láàárín àwọn tó ń fi ojú wá oṣù kí wọ́n tó gba ààwẹ̀ kò lè ṣàì ronú nípa rẹ̀. Àwa Yorùbá tó jẹ́ Mùsùlùmí ní Abuja mọ bó ṣe máa ń rí ní alẹ́ tí gbogbo ilé ń retí ohun tí Sultan Sókótó máa kéde. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n ń wá, fọ́tò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí tí gbogbo ènìyàn lè wò.

Ìmọ̀ náà kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Àríwá níbí. Muhammad al-Kishnawi, Fúlàní ọmọ ilẹ̀ Katsina, lọ sí Mẹ́kà, ó sì wá gbé ní Káírò, níbi tó kú sí ní 1741. Ó kọ ìwé lórí ìṣirò nọ́ńbà, ó sì gbé ní ilé Hasan al-Jabarti, tí òun náà mọ̀ nípa ìràwọ̀. Mo gbà pé ẹni tó jókòó nírú ilé bẹ́ẹ̀, ní ìlú Ibn al-Haytham gan-an, ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ń wo ọ̀run: wọ́n ní àgùàlà tó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni. Ẹ fi awò kékeré wo àgùàlà yẹn dáadáa, ẹ ó rí i pé òun náà máa ń lé bí oṣù, ó sì máa ń kún bí oṣù.

Fọ́tò gan-an wá dé ní 1839. Daguerre, ará Faransé tó gbé ọ̀nà yíya fọ́tò kan jáde, gbìyànjú láti ya òṣùpá lọ́dún yẹn, kò yọ dáadáa. John William Draper ló yà á ní New York ní oṣù kẹta 1840, sórí àwo tí wọ́n fi fàdákà bò. 20 ìṣẹ́jú ni ìmọ́lẹ̀ òṣùpá fi bà lé e. Ní 1851, Whipple tó jẹ́ ayafọ́tò àti Bond tó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ya èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú awò ńlá Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà.

Ìyókù kò gùn. Wọ́n ṣe CCD, ohun kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná nínú kámẹ́rà, ní Amẹ́ríkà ní 1969, kámẹ́rà kọ̀ǹpútà tó wọ́pọ̀ dé, àwọn aláwò kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò dípò ẹyọ fọ́tò kan. Kọ̀ǹpútà á ṣa àwọn àwòrán tí afẹ́fẹ́ kò bàjẹ́ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, á sì tò wọ́n lé ara wọn. Fídíò Júpítà kì í gùn ju ìṣẹ́jú mélòó kan, torí Júpítà kì í lo wákàtí 10 kó tó yí po tán, bí fídíò bá sì pẹ́ jù, àwòrán rẹ̀ á dàrú. Ní 2009, Anthony Wesley, tó ń ya Júpítà láti ilé rẹ̀ ní Ọsirélíà, ló kọ́kọ́ rí àpá ibi tí nǹkan ti já lù ú.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú wa ṣì kù. Digirí 9 péré ni Abuja fi jìn sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní 2019, Júpítà kò ga ju nǹkan bí digirí 16 lọ lójú ọ̀run London. Níbí, ó ga tó 58. Bí pílánẹ́ẹ̀tì bá ga, afẹ́fẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń là kọjá á dín kù, àwòrán á sì mú ṣáṣá. Eruku ọyẹ́ àti ìkùukùu òjò ni ọ̀tá wa, nítorí náà, ẹ gbé awò yín jáde ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé.